Ewé Tó Kù: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí Oògùn Ibà Tuntun Lè Gbà Wá

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí bá oògùn ibà mu gan-an. Gbogbo oògùn ibà tó lókìkí ló jẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn tí kòkòrò ibà kò padà wá ọgbọ́n dá sí. Chloroquine jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kòkòrò sì borí rẹ̀. Sulfadoxine-pyrimethamine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidar, gba ipò rẹ̀ ní àwọn ibì kan, òun náà rẹ̀wẹ̀sì. Ní 2005, Nàìjíríà fi chloroquine sílẹ̀, ó gba oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀. Ní báyìí, kòkòrò ibà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara da artemisinin pàápàá ní àwọn apá kan Éṣíà àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2023, ìgbà mílíọ̀nù 263 ni ibà kọlu ènìyàn lágbàáyé, tí ó sì pa nǹkan bí 597,000. Nàìjíríà nìkan ló ni nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 àìsàn náà, àti bí ìdá 31 nínú 100 ikú tó ti ibẹ̀ wá. Nítorí náà, ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí gbé dání kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n: níbo ni èròjà tí yóò tẹ̀lé artemisinin yóò ti wá?

Ìdáhùn pọ̀, wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní inú igbó ni. Àwọn kan ní inú àká èròjà ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni. Ẹlòmíràn ní ká tún èyí tí a ní rọ, tàbí ká pa á pọ̀. Ẹlòmíràn gbójú lé ìwúkàrà, ẹlòmíràn kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn sì ní ẹ̀fọn gan-an ló yẹ ká fún ní oògùn. A ó gbé wọn yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, a ó sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo wọn.

Ohun tí oògùn ibà ń bá jà

Kòkòrò tó ń fa ibà tó burú jù ní Áfíríkà ni Plasmodium falciparum. Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e wọ ara. Yóò kọ́kọ́ sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, yóò pọ̀ sí i níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò jáde wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Nínú sẹ́ẹ̀lì yìí ló ti ń jẹ hemoglobin, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ yìí ni heme, pàǹtí tó ní irin nínú, tó sì jẹ́ májèlé fún kòkòrò náà. Kòkòrò a wá dì í ní kókó líle tí kò lè pa á lára mọ́.

Ibẹ̀ ni chloroquine ti ń mú un. Kì í jẹ́ kó rí pàǹtí náà dì, kòkòrò yóò sì kú sínú ìdọ̀tí ara rẹ̀. Artemisinin gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní átọ́ọ̀mù ọ́síjìn méjì tó so mọ́ ara wọn bí afárá. Bí irin inú heme bá ti kàn án, afárá náà á já, ègé rẹ̀ á sì ba ọ̀pọ̀ purotéènì kòkòrò náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kòkòrò náà kò sùn. Ní 2000, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àyípadà nínú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní pfcrt ló ń jẹ́ kó lè da chloroquine jáde kúrò níbi tó ti ń jẹun. Ní ti artemisinin, ìwọ̀-oòrùn Kàm̀bódíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde ní 2008 pé kòkòrò ń pẹ́ kó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2014 ni wọ́n so ó mọ́ àyípadà nínú jíìnì kelch13. Kòkòrò tó ní àyípadà yìí a máa jẹun díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀; bí oúnjẹ bá sì dín, irin tí yóò já afárá oògùn á dín. Ní 2020, ìròyìn jáde láti Rùwáńdà, Ùgáńdà, Ẹritíríà àti Tànsáníà sì tẹ̀lé e.

Láti inú ìtàn yìí ni òṣùwọ̀n wa ti wá. Èròjà tuntun gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí kòkòrò kò tíì mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kíákíá, kí lílò rẹ̀ sì rọrùn. Kò gbọdọ̀ pa aboyún àti ọmọ jòjòló lára. Owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ká ilé tí ibà pọ̀ sí jù. Kò sì gbọdọ̀ tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò.

Àwọn tó gbójú lé ewé

Ẹ̀rí wọn lágbára. Láti ara èèpo igi cinchona ti òkè Andes ni Pelletier àti Caventou ti yọ quinine ní Paris ní 1820. Láti ara ewé Artemisia annua ni Tu Youyou àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí artemisinin ní Ṣáínà, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ìwé ìwòsàn tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn ló là á lójú pé omi tútù ni wọ́n ń rẹ ewé náà sí, pé wọn kì í sè é. Ó wá rí i pé iná ló ń ba èròjà náà jẹ́, ó sì fi ether yọ ọ́ láìjẹ́ kó gbóná jù. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2015.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní ewé ibà: dóńgóyárò, awọ́pa, ahùn, orúwo, èèpo máńgòrò. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ oògùn pa ewé máńgòrò, ahùn, orúwo àti dóńgóyárò pọ̀ di àgbo kan tí wọ́n sọ ní MAMA, ìyẹn lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì dán an wò lára eku tó ní ibà. Ní Gánà, cryptolepine inú egbò Cryptolepis, tí wọ́n ń lò fún ibà níbẹ̀, ti di ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń gbìyànjú láti tún ṣe kó má baà pa sẹ́ẹ̀lì ènìyàn lára.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé ewé máa ń mú èròjà jáde tí kò sí onímọ̀ kẹ́míkà tí ì bá ronú kàn. Afárá ọ́síjìn inú artemisinin kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá gbà gbọ́ pé ó lè dúró nínú oògùn. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rúndún ìlò ti fi ọ̀nà han olùwádìí.

Àléébù rẹ̀ náà kò kéré. Ìwọ̀n èròjà inú ewé ń yí padà pẹ̀lú ilẹ̀, òjò àti ọjọ́ tí a já a. Ẹni tó mu ife àgbo kan lónìí àti òmíràn lọ́la kò mu ìwọ̀n kan náà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi fara mọ́ mímu tíì Artemisia fún ibà: artemisinin inú rẹ̀ lè má tó láti pa kòkòrò tán, ó sì lè tó láti kọ́ ọ ní ọgbọ́n. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú àwo àyẹ̀wò tún lè kùnà nínú ara; gedunin inú dóńgóyárò pa kòkòrò nínú àwo, kò sì ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú eku. Kòkòrò ibà eku pàápàá kì í ṣe ti ènìyàn.

Ó tún yẹ ká ṣọ́ra kí á tó sọ pé ewé ló ni èròjà kan. Ní 2013, àwọn olùwádìí kéde pé àwọ́n rí tramadol, oògùn ara ríro tí a ń ṣe nílé-iṣẹ́, nínú egbò ẹgbẹ̀sì ní àríwá Kamẹrúùnù. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ láti Jámánì fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ ló ń lo oògùn náà, tí wọ́n sì ń fún màlúù wọn; ìtọ̀ gbé e wọlẹ̀, egbò sì fà á mu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ náà wà níbẹ̀. Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ilé ìwádìí ìjọba ní Àbújá ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá kan; ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba àṣẹ láti ṣe é wọ gbèsè ní 2008, iṣẹ́ náà sì dúró. Ìmọ̀ wà, èròjà wà, owó àti ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé e dé ọjà ni kò dúró ṣinṣin.

Àwọn tó ń fi asẹ́ sẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún

Ní 1976, Trager àti Jensen rí ọ̀nà láti máa sin kòkòrò falciparum nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lórí tábìlì àyẹ̀wò láìdáwọ́dúró. Láti ìgbà náà, ó ti ṣeé ṣe láti da èròjà kọ̀ọ̀kan lé e lórí, kí a wo èyí tó pa á. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline sẹ́ èròjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, 13,533 nínú wọn ló dí kòkòrò lọ́wọ́, wọ́n sì tú àkọsílẹ̀ wọn síta fún gbogbo ayé. Medicines for Malaria Venture, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999 ní Geneva, ṣa 400 nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀ jọ sínú àpótí kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn yàrá ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Nínú irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ ni cipargamin ti jáde ní 2010. Ó ń ba ẹ̀rọ tí kòkòrò fi ń da iyọ̀ jáde kúrò lára rẹ̀ jẹ́, ọ̀nà tí oògùn àtijọ́ kankan kò gbà rí. Ibẹ̀ náà ni ganaplacide ti wá. Ilé-iṣẹ́ Novartis pa á pọ̀ mọ́ lumefantrine, oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dán an wò lára àgbà àti ọmọdé tó lé ní 1,600 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 12. Èsì tí wọ́n kéde ní oṣù Kọkànlá 2025 ni pé ìdá 97.4 nínú 100 rí ìwòsàn, nígbà tí oògùn tó wà nílẹ̀ wo ìdá 94 sàn. Nínú gbogbo èròjà tí kì í ṣe ìran artemisinin, òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn jù.

Ẹ̀wà ọ̀nà yìí ni pé kò béèrè pé ká kọ́kọ́ mọ bí èròjà ṣe ń ṣiṣẹ́; ẹ̀rí ikú kòkòrò ló ń tẹ̀lé. Ó sì ti kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá láti ṣí àká wọn sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àsẹ́kù pọ̀, ohun tó dé ọjà kéré, ọdún tó sì wà láàárín méjèèjì gùn. Àpẹẹrẹ kan tó dun Áfíríkà ni MMV390048, tí Kelly Chibale àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cape Town ṣe. Ó wọ ìdánwò lára ènìyàn ní 2014, ó sì dé Etiópíà. Àyẹ̀wò lára ẹranko fi ewu hàn, wọ́n sì dá a dúró. Yàtọ̀ sí èyí, àká ilé-iṣẹ́ kún fún irú èròjà tí wọ́n ti ń ṣe fún àìsàn mìíràn, ìrísí wọn sì jọra ju ti inú igbó lọ.

Àwọn tó ń tún oògùn àtijọ́ rọ

Ẹgbẹ́ yìí ní kí la fẹ́ máa wá kiri, nígbà tí a mọ oògùn tó jẹ́ rí, tí a sì mọ ibi tí kòkòrò gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ká tún un rọ kí ọ̀nà àbọ́ náà dí. Iṣẹ́ Christophe Biot àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ni àpẹẹrẹ tó gbayì jù. Ní 1997, wọ́n fi ferrocene, èròjà tí átọ́ọ̀mù irin wà láàárín rẹ̀, há inú chloroquine, wọ́n sì pè é ní ferroquine. Ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò fi ń da chloroquine jáde kò gba ferroquine, nítorí náà ó ń pa kòkòrò tí chloroquine kò ràn mọ́.

Àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ sí artemisinin. Jonathan Vennerstrom àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Nebraska mú afárá ọ́síjìn náà nìkan, wọ́n kọ́ ara mìíràn yí i ká láìlo ewé kankan. Láti ibẹ̀ ni arterolane ti jáde, tí ó sì dé ọjà ní Íńdíà ní 2012 pẹ̀lú piperaquine. Tafenoquine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018, jẹ́ àtúnrọ oògùn àtijọ́ primaquine. Lílò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gbá irú ibà mìíràn, vivax, tó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ́ńsáìmù G6PD kò pé lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìwọ̀n rẹ̀ rèé. Ọ̀nà yìí yá ju wíwá láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí a ti mọ ìwà ìyá oògùn náà. Ṣùgbọ́n ọmọ lè jogún àléébù ìyá. Kòkòrò tó ti mọ ọ̀nà àbọ́ kan kò ní pẹ́ kó tó wá èyí tó fara jọ ọ́. Ìgbìyànjú láti pa ferroquine pọ̀ mọ́ artefenomel, àbúrò arterolane, kí ó lè jẹ́ oògùn ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò dé òṣùwọ̀n tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì pa á tì.

Àwọn tó ní ká pa ewé pọ̀

Ọ̀dọ̀ wọn ni òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti rí ilé. Wọ́n ní kì í ṣe èròjà tuntun ló kù, ẹnì kejì àti ẹnì kẹta ló kù. Ìrònú wọn rọrùn: bí ó bá ṣòro kí kòkòrò kan yí ara padà lọ́nà kan, yóò ṣòro gidigidi kó yí i lọ́nà mẹ́ta papọ̀. Nínú ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020 láti Kàm̀bódíà, Táílàńdì àti Fiẹtnám, dihydroartemisinin pẹ̀lú piperaquine wo ìdá 48 nínú 100 sàn. Nígbà tí wọ́n fi mefloquine kún un, ó di 98.

Wọ́n tún ní ọgbọ́n kan tó jinlẹ̀. Àyípadà tó ń ran kòkòrò lọ́wọ́ lòdì sí lumefantrine máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára lọ́wọ́ amodiaquine, òdìkejì rẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sá fún ọ̀kan á bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Àwọn kan nínú wọn ní kí ìlú máa yí oògùn padà láti àkókò dé àkókò. Ẹ̀rí wọn ni Màláwì: wọ́n jáwọ́ nínú chloroquine ní 1993, nígbà tí èsì ìdánwò sì jáde ní 2006, ó tún ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ìgbà àkọ́kọ́. Methylene blue, oògùn àtijọ́ kan, náà ń padà bọ̀. Paul Ehrlich ti fi wo ibà ní Jámánì láti 1891, wọ́n sì ti tún dán an wò ní Bùrùkínà Fasò. Ó ń sọ ìtọ̀ di búlúù, èyí tó máa ń kó ìpayà bá ẹni tí wọn kò ṣàlàyé fún.

Ohun tí wọ́n fi lágbára ni pé gbogbo ewé tí wọ́n ń pa pọ̀ ni a ti mọ̀, kò sí pé à ń dúró de ogún ọdún. Ohun tí wọ́n fi rọ̀ ni pé oògùn á pọ̀ sí i, owó á gun òkè, èébì lè pọ̀ díẹ̀. Èyí tó ṣòro jù ni pé bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá ti ń kùnà kí a tó bẹ̀rẹ̀, méjì la ń lò, a kàn ń pè é ní mẹ́ta ni. Bí a bá sì kùnà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ó pàdánù.

Àwọn tó ń fi ìwúkàrà pọn oògùn

Owó artemisinin kò fìgbà kan dúró: láàárín 2005 sí 2008, kílò kan ń lọ sókè sódò láti nǹkan bí 120 dọ́là títí dé 1,200. Bí àgbẹ̀ bá gbìn ín púpọ̀, owó á já. Bí wọ́n bá pa á tì nítorí èyí, ọ̀wọ́n á dé. Jay Keasling àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley wá gbé jíìnì ewé náà wọ inú ìwúkàrà, irú èyí tí a fi ń mú búrẹ́dì wú. Ní 2013, wọ́n kéde pé lítà kan ń mú gíráàmù 25 artemisinic acid jáde, èyí tí a lè sọ di artemisinin. Ní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Sanofi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Garessio ní Ítálì.

Iṣẹ́ ọpọlọ náà yọrí sí rere. Ọjà ni kò gbè é: artemisinin àwọn àgbẹ̀ ti di pọ́ọ́kú, Sanofi sì ta ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn kan ka èyí sí ìjákulẹ̀, àwọn kan sì dúpẹ́ nítorí àwọn àgbẹ̀ Éṣíà àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí ewé yìí ń bọ́. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀nà yìí kò wá oògùn tuntun. Ọ̀nà àtiṣe èyí tí a mọ̀ ló wá. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòfò. Ní 2022, irú ọgbọ́n kan náà jẹ́ kí ìwúkàrà mú ohun tí a fi ń ṣe vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ, jáde. Ewé tó ṣọ̀wọ́n, tàbí tí a ń gé kù nínú igbó, lè rí ìsinmi lọ́nà yìí.

Àwọn tó bẹ kọ̀ǹpútà lọ́wẹ̀

Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́míkà ní 2024 lọ sọ́wọ́ Baker, Hassabis àti Jumper nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìrísí purotéènì. AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ti inú iṣẹ́ náà jáde, ti jẹ́ kí a lè fojú inú wo ẹ̀rọ inú kòkòrò tí a kò rí rí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní MIT kọ́ kọ̀ǹpútà láti ṣa èròjà tó lè pa bakitéríà, ó sì yọ halicin, èyí tí wọ́n ti pa tì nínú ìwádìí àtọ̀gbẹ. Lórí ibà, ẹ̀rọ olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Eve fi hàn ní 2018 pé triclosan, tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọyín, ń dí ẹ́ńsáìmù kan tí kòkòrò ibà kò lè ṣe aláìní. Ní Áfíríkà, ibùdó ìwádìí oògùn H3D ní Cape Town àti àjọ Ersilia jọ kọ́ irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìrètí tó wà níbẹ̀ tóbi fún wa: yunifásítì tí kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá lè fi kọ̀ǹpútà dín èròjà mílíọ̀nù kù sí ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìgò. Ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà bá kà ló mọ̀. Àkọsílẹ̀ tó ń kà jẹ́ ti ohun tó ṣiṣẹ́. Èyí tó kùnà, wọn kì í sábà tẹ̀ ẹ́ jáde. Ewé ilẹ̀ wa kò pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá sì dábàá, ẹ̀jẹ̀ inú àwo ni yóò jẹ́rìí sí i, eku yóò tẹ̀lé e, ènìyàn yóò kẹ́yìn. Títí di àkókò yìí, kò sí oògùn ibà kan lọ́jà tí a lè sọ pé kọ̀ǹpútà ló wá a rí.

Àwọn tó ní ẹ̀fọn ni ká tọ́jú

Ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn yí ìbéèrè náà padà. Wọ́n ní kòkòrò tó wà nínú ara ènìyàn ti pọ̀ jù láti bá jà, nígbà tí èyí tó wà nínú ẹ̀fọn kò tó nǹkan. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Harvard fi hàn pé bí ẹ̀fọn bá bà lé ibi tí wọ́n fi oògùn ibà atovaquone pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èròjà náà á gba ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀, kòkòrò ibà inú ẹ̀fọn á sì kú. Ní 2025, wọ́n rí èròjà méjì mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí a lè fi sára àwọ̀n ẹ̀fọn, wọn kò sì jẹ́ oògùn tí ènìyàn ń lò. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Spéìnì ṣàlàyé bí bakitéríà kan nínú ìfun ẹ̀fọn ṣe ń tu harmane jáde, tí kòkòrò ibà kò fi lè dàgbà níbẹ̀.

Ivermectin, tí Nàìjíríà ti mọ̀ láti ìgbà tí a ti ń fi gbógun ti àrùn ojú odò, ń pa ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lò ó. Nínú ìdánwò kan ní Kwale ní Kẹ́ńyà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2025, ó dín ibà tuntun kù ní ìdá 26 nínú 100 láàárín àwọn ọmọdé.

Ohun rere ibẹ̀ ni pé kòkòrò tí oògùn bá nínú ẹ̀fọn kéré níye, nítorí náà àǹfààní àtiyí ara padà rẹ̀ kéré. Ohun tó ń kọ ni lóminú ni pé ọ̀nà yìí kò wo aláìsàn kan ṣoṣo sàn. Aládùúgbò rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ká fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ní oògùn nítorí ẹlòmíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìlú gbọ́dọ̀ jókòó sọ.

Ibi tí wọ́n ti pàdé

Bí a bá tò wọ́n báyìí, ìjà àárín wọn kò le tó bí ó ṣe dà létí. Igbó àti yàrá àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀tá: cipargamin jáde láti inú èròjà nǹkan bí 12,000 tí wọ́n yọ láti ara ohun ẹ̀dá tàbí tí wọ́n ṣe kó jọ wọ́n. Ganaplacide, ọmọ asẹ́, kò lè dá rìn láìsí lumefantrine àtijọ́. Arterolane jẹ́ ọgbọ́n ewé tí a tún rọ. Ní tòótọ́, wọn kò dáhùn ìbéèrè kan náà. Ewé, asẹ́, àtúnrọ àti kọ̀ǹpútà ń dáhùn pé báwo ni a ṣe ń rí èròjà. Ìwúkàrà ń dáhùn pé báwo ni a ṣe ń ṣe é pọ̀. Àpapọ̀ àti ẹ̀fọn ń dáhùn pé báwo ni a ṣe ń pa á mọ́ kó má bàjẹ́. Ìbéèrè ìkẹta yìí ni owó àti òkìkí kéré sí jù, òun gan-an sì ni kòkòrò ń fi ń borí wa. Ajẹ́sára RTS,S àti R21, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2021 àti 2023, ti wá ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ibà ti mú kò lè fi wọ́n wo ara rẹ̀ sàn.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni pé a kò tíì mọ̀ bóyá èròjà kan wà tí kòkòrò kò lè fi ara dà láéláé. Àwọn kan ní bí ohun tí èròjà bá dojú kọ bá ti jẹ́ ẹ̀mí kòkòrò gan-an, kò sí ibi tí yóò sá sí. Ìtàn artemisinin, tó ń ba ọ̀pọ̀ purotéènì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ àkókò. Bí oògùn tuntun bá dé, ṣé kí a lò ó lójú ẹsẹ̀, kí kòkòrò tètè mọ̀ ọ́n, tàbí kí a fi pamọ́ títí artemisinin yóò fi ṣubú, kí ọmọdé máa kú nígbà tí a ń dúró? Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan.

Ìkẹta ni ti àwọn tó kéré jù. Oògùn ibà fún ọmọ tí kò tó kílò márùn-ún, ọdún 2025 ni Swítísáláǹdì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó gbà kí aboyún lo artemether-lumefantrine nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìgbà wo ni èròjà tuntun yóò kan àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tó tíì là á sílẹ̀.

Ìkẹrin ni àgbo. Ṣé èròjà kan ṣoṣo inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, tàbí àpapọ̀ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ àpapọ̀, ọ̀nà ìwádìí tó ń yọ èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ yóò máa pàdánù rẹ̀ títí. Ìdánwò tó péye lára ènìyàn lórí ewé ilẹ̀ Yorùbá ṣì kéré jù láti dá ẹjọ́ yìí. Títí tí wọn yóò fi ṣe é, àwọn tó ń sẹ́ èròjà kò ní lè sọ pé ewé tó kù kò sí nínú igbó wa, àwọn tó ń po àgbo náà kò sì ní lè fi hàn pé ó wà níbẹ̀.